Kóòṣì Dálémosú

Tó bá jẹ́ irọ́ ló wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kódà kó kéré bí ẹyin iná orí, kí ago omi tí mo so mọ́ ọrùn yìí jò títí omi òòjọ́ mi á fi tán, kí Elétí ẹnu ọ̀nà gbàgbé ohùn mi, kó tì mí síta láàárín àwọn ewúrẹ́. Mo ti búra nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fojú bá ara yín sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, mo rí yín o.

Oòrùn ọjọ́ yẹn! Ẹ ò tíì rí oòrùn. Oòrùn tó mú kí aláǹgbá máa gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí ẹsẹ̀ yẹn lè sinmi. Abẹ́ oòrùn yẹn ni kóòṣì Ọ̀jẹ́dòkun dúró sí níwájú ìlẹ̀kùn ìlú Ìdó-Àpáta, ìlú bàbá ẹ̀, ó ru àpò ẹ̀ sórí bí ìyàwó tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀ síta. Ọ̀jẹ́dòkun tí mò ń wí yìí, ife-ẹ̀yẹ tó gbà pọ̀ débi pé ilé tí wọ́n kó wọn sí ti rì wọlẹ̀ dé ojú fèrèsé. Òun náà ló ń làágùn níwájú ìlẹ̀kùn bí olè tí wọ́n mú.

"Ẹ káàsán o," ni Elétí wí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìlẹ̀kùn irin gíga, etí méjì gbọọrọ lókè, kò lójú, ohùn ẹ̀ tutù bí ohùn ìyàwó tó fẹ́ tọrọ nǹkan. "Ta ni?"

"Ọ̀jẹ́dòkun ni. Agboolé Olókùúta."

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Ọ̀jẹ́dòkun wo ilẹ̀. "Ilé ọkọ."

Ẹ̀rín bú lókè ògiri. Gbogbo ìlú ti gun orí ògiri láti wò ó.

"Ọkọ wo?" Elétí bi í.

"Ẹgbẹ́ Àgbàrá, ti Èkó Orí-Omi. Wọ́n wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n gbé oyin wá, wọ́n gbé iyọ̀ wá, wọ́n fi ẹ̀gbà sí mi lọ́wọ́. Ní báyìí, mo ti kọ̀ wọ́n."

"Ẹ kú àbọ̀, dálémosú. Ẹ mọ òfin. Kóòṣì tó bá filé ẹgbẹ́ sílẹ̀, ilé bàbá ẹ̀ ló ń padà sí, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ mìíràn á ti wá tọrọ ẹ̀ tó bá wù wọ́n. Kí ìyá yín, tàbí bàbá yín, tàbí ọmọ ìyá yín fún yín lómi mu láti inú ago ọrùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mu ún, ẹ ti wọlé nìyẹn. Bí oòrùn bá wọ̀ láìsí ẹni tó fún yín lómi, ẹ ò nílé. Ọkọ̀ á máa dúró dè yín."

Ọkọ̀ náà ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Gbéwọn-lọ ni. Dúdú, kò ní awakọ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀ hẹ̀lẹ̀ bí àgbò ọdún. Ta ni kò mọ ibi tí Gbéwọn-lọ ń kó kóòṣì aláìnílé lọ? Ẹbu ni. Bí wọ́n ṣe ń fún epo lára ẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún bọ́ọ̀lù kúrò lórí èèyàn níbẹ̀. Epo orí ẹ̀ á lọ sínú àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìhá ni. Èmi yìí ti fojú mi rí kóòṣì kan tí wọ́n ti fún. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó gé e jẹ, ó ní ọsàn yẹn kan.

Ọ̀jẹ́dòkun náà ti rí i.

"Ọ̀jẹ́dòkun, ọkọ Àgbàrá!" ọkùnrin kan ké látorí ògiri. "Àbí ìyàwó Àgbàrá ni n óò pè ọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó wá kó gólì ẹ̀ tó gbàgbé síbí."

"Ọdún tó kọjá tó o nà wá," obìnrin kan fi ago ọrùn ẹ̀ hàn án, ago tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, "ìdajì omi wa ló bá yín lọ. Wọ́n ní ẹ fi ń fọ òpópónà! Ìdajì tó kù tí a pín sínú ago yìí, ẹ tún ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù lé e lórí ní Sátidé. Àbí o ò lè dúró di Sátidé? O wá fi ẹnu gbé e?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìdó-Àpáta ṣe gbẹ tó. Wọ́n gbẹ débi pé tí wọ́n bá sunkún, iyọ̀ ló ń bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ á kọ́kọ́ pe ẹbí jọ.

"Kí ló dé tó o fi kúrò lọ́dọ̀ wọn?" ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn tún ké. "Sọ ọ́! Ká lè mọ ohun tá a máa fún lómi!"

Ọ̀jẹ́dòkun ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ètè ẹ̀ tí ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀ ta á. Ó ta á láti ọrùn ọwọ́ dé gbòǹgbò ahọ́n, ahọ́n kú sí i lẹ́nu bí ẹran tí wọ́n gbé kalẹ̀. Àpò já bọ́ lórí ẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ó ń ṣe bí ẹni tí gìrì mú!"

Ìlẹ̀kùn Gbéwọn-lọ ṣí, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, agbádá ẹ̀ funfun, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ń fò yí i ká, ó ń fẹ́ ẹ. Alárinà ẹgbẹ́ Àgbàrá ni, òun ló wá tọrọ Ọ̀jẹ́dòkun nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó gbé abọ́ gíláàsì dání. Omi ló wà nínú ẹ̀. Yìnyín ń lu ara wọn nínú abọ́ náà, gbogbo orí ògiri dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

"Kóòṣì wa," Alárinà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Ẹ ń fìyà jẹ ara yín. Ẹ̀gbà yẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ohun tó lé yín kúrò, àṣírí ilé ọkọ ni. Ẹ mu omi yìí, ìyẹn ni pé ẹ ti padà wálé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Ní Sátidé, ẹ ó jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó."

"Mi ò fẹ́." Ahọ́n ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

"Ẹ wo ojú àwọn tó wà lókè yẹn. Ta ló fẹ́ fún yín lómi níbẹ̀? Ẹ wo oòrùn."

Oòrùn ti fìdí kan orí ọ̀pẹ.

Ohun tó wà nínú ikùn Ọ̀jẹ́dòkun, tí kò lè jáde, òun nìyí: ní ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un pé Ìdó-Àpáta ni wọ́n máa bá gbá ní Sátidé, tí wọ́n ní ìdajì omi tó kù ló wà nílẹ̀, ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Tó bá gbá a dáadáa, á pa ìlú bàbá ẹ̀. Tó bá dọ́gbọ́n gbá a burúkú, ẹ̀rọ tó ń tọ́ òógùn kóòṣì wò á mọ̀, wọ́n á pa omi ìlú ẹ̀ rẹ́ láìgbá bọ́ọ̀lù rárá. Kò sí ọ̀nà kẹta àfi kó gbẹ́rù. Ó sì gbẹ́rù. Ẹni tó gbẹ́rù torí wọn ni wọ́n wá ń bú yìí, kò sì lè wí fún wọn.

"Ẹ yà fún mi! Ẹ yà fún mi, ẹ̀yin ọmọ aláìmoore!"

Màámi Àgbà ni. Ìyá Ọ̀jẹ́dòkun. Ìyá yìí ti dàgbà débi pé òjìji ẹ̀ gan-an ń tiro. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ síwájú ihò kékeré tó wà lára ìlẹ̀kùn, ó tú ago ọrùn ẹ̀, ó nà án jáde. Kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù.

"Àkànó mi. Gbà, mu."

Ọ̀jẹ́dòkun rí ètè ìyá ẹ̀ tó la bí ilẹ̀ ọ̀dá. Ó rí bí omi inú ago náà ṣe kéré tó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì ṣe ohun tí èmi, ìwọ, àti gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe. Ó ní:

"Ẹ ṣé mà. Ẹ má ṣèyọnu."

"Mo gbọ́," ni Elétí wí. "Àlejò ti kọ omi ìyá ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ omi ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e wá mọ́."

Ihò náà tì pàá.

Háà. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lórí ògiri gan-an gbá ẹnu mú.

"Kò kọ̀ ọ́!" Màámi ń fi ọwọ́ méjèèjì lu irin. "Ìwọ ẹ̀rọ aláìlójú yìí! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Á kọ́kọ́ kọ̀, màá rọ̀ ọ́, á tún kọ̀, màá bínú, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mu ún! Ṣé o ò ní ìyá ni?"

"Mi ò ní ìyá," Elétí dáhùn.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn òkun ni wọ́n ti kọ́ ọ. Níbẹ̀, wọ́n ní tí wọ́n bá fún ọ ní nǹkan, tó o ní o ò fẹ́, wọ́n á gbé nǹkan wọn padà! Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí?

Ọ̀jẹ́dòkun ò dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ ẹ̀. Iyanrìn gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kú. Ìyá ẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn irin. Ó ku ọmọ ìyá ẹ̀ kan ṣoṣo láyé, Àǹtí Àṣàbí, ó sì wù ú kí wọ́n má pè é.

"Ẹ sáré pe Àṣàbí níbi òkúta!" Màámi ń ké lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Àṣàbí ẹlẹ́ja?" ẹnì kan dáhùn. "Ó tán. Ẹ jẹ́ kí Gbéwọn-lọ máa gbé e lọ."

Torí Àṣàbí ló ni adágún ẹja àrọ̀ tó tóbi jù ní gbogbo agbègbè yẹn, kí Àgbàrá tó gba omi. Ọjọ́ tí omi lọ, àwọn ẹja náà jáde, wọ́n ń fi imú wọ́ ilẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń tọrọ omi. Òkú wọn dé ọ̀nà ọjà. Láti ìgbà yẹn, òkúta ló ń fọ́, kò sì dárúkọ àbúrò ẹ̀ rí.

Ó dé. Eruku òkúta ti sọ irun àti ìpéǹpéjú ẹ̀ di funfun. Òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ihò ìlẹ̀kùn ṣí fún un, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àbúrò ẹ̀ bí ẹni wo ẹran tí kò fẹ́ rà.

"O sanra."

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi."

"Má kí mi. Kí ló dé tó o fi filé wọn sílẹ̀?"

Ọ̀jẹ́dòkun mi orí. Ó na ọwọ́ tó ní ẹ̀gbà sókè, ó tún jẹ́ kó bọ́.

"Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

Ó ti sú u. Kí ló kù tó fẹ́ jà fún? "Ẹ̀n, wọ́n lé mi."

Ẹ̀gbà dákẹ́. Ojú Àṣàbí kúrò lára ojú ẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀.

"Àbí o ṣàìsàn?"

"Mo ṣàìsàn."

Ẹ̀gbà dákẹ́. Alárinà ti dá abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ dúró. Ọ̀jẹ́dòkun gbé orí sókè díẹ̀, torí ó mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àṣàbí kì í ju òòlù síbi tí òkúta ò sí.

"Àbí torí Sátidé ni?"

Ó mọ ohun tó fẹ́ bá a. Ó fi èékánná gbá ilẹ̀ mú. "Ẹ̀n—"

Ẹ̀gbà ta á. Ó gbé e nílẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, eruku sọ.

"Ẹ ò gbọdọ̀!" Alárinà ń ké. "Àṣírí ẹgbẹ́ ló ń tú yẹn! Elétí, ó ń tú àṣírí!"

"Kí ló sọ?" Àṣàbí bi í. "Elétí, ìwọ tó o létí, kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan," ni Elétí wí. "Ó kàn kérora."

"O ṣé." Àṣàbí tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àkànó. Ṣé torí pé o ò fẹ́ gba omi lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Omi ti wà lójú Ọ̀jẹ́dòkun. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya ẹnu, ẹ̀gbà ta á, ó yí bí ìgbín tí wọ́n tú sínú iyọ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó gbọ́ tí obìnrin kan ń sunkún lórí ògiri, obìnrin tó fi ago hàn án yẹn.

"Tún un sọ," ni Àṣàbí wí.

Ó wò ó. "Àǹtí, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí—"

"Mo ní kó o tún un sọ."

Ó tún un sọ. Èyí le ju gbogbo ìyókù lọ. Kò mọ̀ bóyá ọ̀run ni àbí ayé. Ahọ́n ẹ̀ wú, ó kú, ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ bí ahọ́n màlúù.

"Ìyẹn," ni Àṣàbí wí, "ti ẹja mi ni."

Ó tú ago ọrùn ẹ̀. Látàárọ̀ tó ti ń fọ́ òkúta nínú oòrùn, kò tíì kan án lẹ́nu. Oòrùn ti wọlẹ̀ ku bíńtín, ó pọ́n lórí ilẹ̀. Gbéwọn-lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sún mọ́ tòsí. Alárinà náà sáré dé, ó gbé abọ́ yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀jẹ́dòkun kejì, òtútù ẹ̀ ń fẹ́ sí i lójú.

"Kóòṣì! Ẹ̀rí ọkàn yín dà? Omi òòjọ́ ẹni tó ń fọ́ òkúta lẹ fẹ́ mu? Tiwa pọ̀. Ẹ mu tiwa!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí òótọ́ ni. Tó bá mu ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, gbígbẹ ló máa sùn. Ìtìjú gbá a mú. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dìde, ó fẹ́ kí ó sọ fún Àṣàbí pé ẹ má ṣèyọnu. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Ahọ́n ò dìde.

Àṣàbí ti dì í ní irun ìpàkọ́ mú. Ó da omi náà sí i lẹ́nu tó là sílẹ̀ yẹn.

"Ó ti mu ún," ni Elétí wí. "Ẹ kú àbọ̀ sílé."

Ìlẹ̀kùn ńlá ṣí. Gbéwọn-lọ yí padà, kò kí ẹnikẹ́ni. Inú bí Alárinà débi pé ó gbé abọ́ yìnyín náà sókè, ó dà á sílẹ̀ pátápátá, ó sì gun ọkọ̀ ẹ̀.

Ọ̀jẹ́dòkun rí gbogbo ìlú tó ń tú jáde sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n ń bọ̀ wá pàdé. Ó na ọwọ́. Wọ́n kọjá lára ẹ̀. Ibi tí Alárinà da omi sí ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí, àgbà, olóyè, gbogbo wọn, wọ́n ń fi ahọ́n wá yìnyín nínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó bú u mọ́. Kò sí ẹni tó kí i pẹ̀lú.

Nínú ọgbà, Màámi gbé ago tiẹ̀ fún Àṣàbí. Àṣàbí ní ẹ ṣé mà, ẹ má ṣèyọnu. Màámi rọ̀ ọ́. Ó tún kọ̀. Màámi bínú. Ó wá mu ìdajì.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìdó-Àpáta fi dé, wọ́n tinrín bí igi ìṣáná, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Olórí wọn, Fátókun, ló sọ̀rọ̀.

"A gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sà. A mọ̀ pé ẹ ò lè sọ bí Àgbàrá ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù." Ó wo ẹ̀gbà náà, ó gbé ojú kúrò. "Ṣùgbọ́n tá a bá bi yín ní ìbéèrè..."

Màámi fò dìde. "Wọn ò tún ní fún ọmọ mi níbí! Ṣé ẹbu ni ilé yìí ni?"

Àṣàbí jókòó ti àbúrò ẹ̀. Ọ̀jẹ́dòkun wo ọ̀fun àwọn ọmọ náà bó ṣe ń lọ sókè sódò láìsí itọ́ tí wọ́n lè gbé mì. Ọjọ́ tó kù kó tó di Sátidé, tí ìbéèrè bá ń bọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó lè ṣẹ́ kù bí ẹni tí wọ́n gbé dé ẹbu gan-an. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú igi kékeré kan, ó fi sáàárín eyín, ó rántí pé igi ò ní jẹ́ kí òun dáhùn, ó yọ ọ́. Ó wá na ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìyẹn sì dì í mú gírígírí.

Ó mi orí sí Fátókun pé kó bi òun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Fátókun wí, ó ń sunkún iyọ̀. "Ṣé apá òsì ni wọ́n ti máa ń wọlé?"

Ọ̀jẹ́dòkun ya ẹnu.

Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́? Ẹ ní ta ló borí ní Sátidé? Ṣé ẹ ò wá mọ ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ò lè sáré mọ́? Èmi ni! Èmi yìí ni wọ́n fi sí iwájú. Mo fi ẹsẹ̀ kan wọ pápá, mo gbá àkọ́kọ́, gólì wọn àti àwọ̀n pẹ̀lú òpó méjèèjì wọnú òkun, mo ní kí wọ́n lọ gbé òmíràn wá—

"Ìwọ, máa lọ ilé ẹ jàre!"

Ẹ̀yin ará, mo ti búra—

"Gbé ago ẹ, kó o máa lọ ilé!"